Ẹ Dúró Ti Ọ̀rọ̀ Yín Lórí Iná Oòrùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèjọba ní Àbújá, ẹ̀yin aṣòfin, ẹ̀yin gómìnà wa nílẹ̀ Yorùbá, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Inú ń bí mi sí yín, n kò sì ní fi bò. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2005 ti la ọ̀nà fún àjọ iná ìgbèríko tí gbogbo ayé mọ̀ sí REA ni ẹ ti ń sọ fún wa pé oòrùn yóò gbà wá lọ́wọ́ òkùnkùn. Ní 2015, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan lórí iná tó ń ti ara oòrùn, atẹ́gùn àti omi wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, gbé ètò mìíràn jáde tó nawọ́ dé ọdún 2060. Ìwé kò wọ́n yín rí. Ohun tó wọ́n yín ni kí ẹ sọ̀rọ̀ lónìí kí ẹ sì bá a dọ́la. Ìbáwí tí mo gbé wá kò ju ìyẹn lọ: ẹ kì í dúró ti ọ̀rọ̀ yín.

Ọdún 2016 ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ní oṣù keje ọdún náà, NBET, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra iná lọ́wọ́ àwọn tó ń pèsè rẹ̀, jókòó pẹ̀lú ilé iṣẹ́ 14, wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí yóò tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí ilẹ̀ ńlá, Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò wà, iná tí gbogbo wọn yóò pèsè yóò sì tó nǹkan bí 1,125 mẹ́gáwáàtì. NBET ní òun yóò máa ra ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ńtì Amẹ́ríkà 11 ààbọ̀. Wọ́n ya fọ́tò. Ìwé ìròyìn gbé e. Ẹni tó mọ̀ pé iná tó ń dé orí wáyà ní gbogbo Nàìjíríà kì í sábà kọjá 4,000 tàbí 5,000 mẹ́gáwáàtì yóò mọ̀ pé ohun kékeré kọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri lọ́dọ̀ àwọn báńkì òkè òkun. Ẹnu èyí ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé yí ohùn padà. Ó ní owó pánẹ́ẹ̀lì ti já wálẹ̀ láyé, pé kí wọ́n gba sẹ́ńtì 7 ààbọ̀. Òótọ́ ni pé owó pánẹ́ẹ̀lì ń já nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò fi ṣí ìdíje sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, kí ẹni tó bá lè tà á ní owó tó rẹlẹ̀ jù gba iṣẹ́ náà? Bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ẹ tó wá ń ná an.

Ọ̀ràn ìwé onídùúró tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ bó ṣe ń lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò, àwọn tí a ṣì ń pè ní Nẹ́pà títí dòní, kì í gba gbogbo owó iná tó yẹ kí wọ́n gbà, èyí tí wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ sókè kì í pé. NBET yóò wá máa jẹ àwọn tó ń pèsè iná ní gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó rẹpẹtẹ wá tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ yóò béèrè pé, bí NBET kò bá rí owó san, ta ni yóò san án? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ìwé tí ìjọba àpapọ̀ yóò fi dúró fún NBET. Ẹ fa ọ̀rọ̀ ìwé náà títí ó fi sú àwọn olówó. Àwọn báńkì kó owó wọn lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti dúró. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ọ̀kan nínú àwọn 14 náà tó ń fi iná ránṣẹ́ sí wa.

Ẹ sì mọ̀ pé nǹkan yìí ṣeé ṣe. Ẹ sọdá ibodè sí orílẹ̀-èdè Benin. Ní Illoulofin, ní agbègbè Pobè, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa tó ń sọ èdè wa, ìjọba ibẹ̀ ṣí ilé iná oòrùn 25 mẹ́gáwáàtì ní oṣù keje ọdún 2022. Ẹ tún tẹ̀ síwájú dé Tógò. Ní Blitta, lókè Atakpamé tí àwọn Ifẹ̀-Àná ń gbé, ilé iná oòrùn 50 mẹ́gáwáàtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, wọ́n sì tún ti fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ìjọba Tógò kan náà ló dá ètò CIZO sílẹ̀ ní 2017 fún àwọn ilé tí wáyà kò lè tètè dé. Nígbà tó di 2019, wọ́n ń fi 2,000 owó CFA lóṣooṣù ran ìdílé tó bá ra sólà kékeré fún ilé lọ́wọ́, kí tálákà lè san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tán. Àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kò lówó tó wa. Wọn kò ní epo tó wa. Ojú ń tì mí nígbà tí mo bá ń rò ó, ojú ló sì yẹ kó máa ti ẹ̀yin náà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹ ní ẹ óò fi sólà sí ilé mílíọ̀nù márùn-ún, pé èèyàn mílíọ̀nù 25 ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Ẹ ní Báńkì Àpapọ̀, CBN, yóò fi ₦140 bílíọ̀nù yá àwọn tó ń ta sólà àti àwọn tó ń ṣe é. Ẹnu yín kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà tí ẹ fi gba ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí owó náà dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ gbà á gba inú báńkì, báńkì sì béèrè ohun ìdúró tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta sólà ní Ṣàgámù tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè rí láéláé. Ilẹ̀ wo ni yóò fi dúró? Ilé ta ni yóò fi dúró?

Kò sì sí ọjà kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn obìnrin aláṣọ ní wọn, àwọn olùkọ́ ní wọn, àwọn awakọ̀ ní wọn. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Orílẹ̀-èdè Bangladesh, tí wọ́n ń pè ní òtòṣì nígbà náà, gba ọ̀nà yìí láti ọdún 2003. Ilé iṣẹ́ ìjọba wọn, IDCOL, ń yá àwọn ẹgbẹ́ tó ń yá tálákà lówó ní owó, ẹgbẹ́ náà ń fi sólà sí ilé àgbẹ̀, àgbẹ̀ ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, àwọn olùyẹ̀wò sì ń lọ yẹ ohun tí wọ́n gbé sí ilé wò. Ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ló tan iná nípasẹ̀ ètò náà. Ẹ̀yin ní àwọn alájẹṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé yín, ẹ fò wọ́n dá. Ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó kọ ètò yẹn?

Bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ kan pe àwọn èèyàn wá sí ìdí sólà ni ẹ ń fi èkejì lé wọn padà. Ìwé ìjọba ní kí pánẹ́ẹ̀lì sólà máa wọlé láìsan owó ibodè. Nígbà tó fi máa di 2018, àwọn oníṣòwò ń kígbe síta pé kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba ìdá 5 nínú 100 lórí rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi, owó orí ọjà sì tún wà lórí ìyẹn. Ohun tó fà á ni pé àwọn aṣọ́bodè ní pánẹ́ẹ̀lì tó ń wọlé ní èròjà kékeré kan lára tó mú kó bọ́ sí ìsọ̀rí ọjà mìíràn. Àríyànjiyàn lórí èròjà tí kò tó ìka ọwọ́ ni ẹ fi ń dá àpótí ọjà dúró ní Àpápá, owó ìdádúró ń gorí owó ìdádúró, ẹni tó ra sólà sí ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ló sì san gbogbo rẹ̀. Bátìrì tó jẹ́ ohun tó wọ́n jù nínú sólà, ìdá 20 nínú 100 ni ẹ ń gbà lórí tirẹ̀ nígbà náà. Sólà tí kò ní bátìrì, ọ̀sán nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ sì ni ọmọ ń kàwé.

Àfi bí ó ṣe di oṣù kẹta ọdún 2025 tí Mínísítà fún Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ nígbà náà, Uche Nnaji, dìde tó ní ìjọba fẹ́ fi òpin sí kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọ ìlú láti òkèèrè, pé kí a máa ṣe é nílé. Mo fẹ́ kí a máa ṣe é nílé. Kò sí Yorùbá tó gbọ́n tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Àwọn aládàáni kan sì ti ń tò ó pọ̀ ní Èkó báyìí, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí NASENI, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀rọ, dá sílẹ̀ ní Karshi lẹ́bàá Àbújá ní 2011, 7.5 mẹ́gáwáàtì péré ni agbára rẹ̀ lọ́dún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ember, tó ń ṣe ìṣirò iná lágbàáyé, ṣe ìṣirò tirẹ̀: láàárín oṣù 12 tó parí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, pánẹ́ẹ̀lì tó wọ Nàìjíríà láti Ṣáínà nìkan lé ní 1,700 mẹ́gáwáàtì. Ẹ fi 7.5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,700. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn irú ọjà bẹ́ẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó lágbára, jẹnẹrétọ̀ ló dá ìlú padà sí.

Ẹ tún fi 1,700 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,125 tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé lé lórí ní 2016. Ohun tí ẹ kò lè ṣe láti ọdún náà wá, àwọn ará ìlú ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì fò sókè lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ sọ iná àwọn tí ẹ kó sí ìpele A, àwọn tí ẹ ní iná wọn yóò pọ̀ jù, di ₦225 lórí ẹyọ kan. Ní ọdún 2024 kan náà, iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ní ìgbà 12. Àwọn èèyàn ta ilẹ̀, wọ́n kó àjọ, wọ́n yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n gun òrùlé ara wọn. Àwọn ló ṣe ìyípadà tí ẹ̀yin ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. Ìjọba tó mọ ìwúwo ohun táwọn èèyàn gbé yẹn ì bá ti tú ẹrù díẹ̀ kúrò lórí wọn, dípò kó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà máa béèrè owó.

Èmi fẹ́ kí a jọ lọ sí abúlé báyìí, torí orúkọ àwọn ará abúlé ni ẹ fi ń yá owó. Báńkì Àgbáyé yá wa ní 350 mílíọ̀nù dọ́là ní 2018 fún iná ìgbèríko. Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà náà gbé 200 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là mìíràn fún ètò DARES, èyí tí wọ́n ní yóò tan iná dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17 ààbọ̀. Gbèsè ni. Àwọn ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lónìí ni yóò san án. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní tọ́ ọ wò.

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà abúlé wa lónìí, òpó iná sólà ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, orúkọ aṣòfin tó gbé e wá wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Púpọ̀ nínú wọn kò ní tàn. Ohun tó sì ń pa wọ́n kì í ṣe àjẹ́. Bátìrì olómi kékeré tí wọ́n tì sínú àpótí irin, nínú ooru, kì í sábà pé ọdún mẹ́ta kó tó kú. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ bo ojú pánẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n máa nù ún. Agbaṣẹ́ṣe ti gba owó rẹ̀ tán, ó ti padà sí ìlú, nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ kò lọ mọ́. Nínú abúlé yẹn, kò sí ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kan tí ẹ kọ́ bí a ti ń tú àpótí bátìrì. Nínú ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀, kò sí náírà kan tí ẹ kọ sílẹ̀ fún bátìrì tuntun. Ẹ wo ẹ̀rọ omi tó ń lo sólà náà: ẹ̀rọ kékeré kan jóná nínú rẹ̀, iye owó rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n fi se oúnjẹ ọjọ́ ìṣílé, àwọn obìnrin sì ti padà sí odò.

Ẹ dà bí bàbá tó sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tó pe olórin, tó pa màlúù, tí kò sì padà wo ojú ọmọ náà mọ́.

N kò sì ní ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́, torí èyí tí ẹ ṣe dáadáa ló ń jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi. Ní ọdún 2016 kan náà, NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná, ṣe òfin fún àwọn ilé iná kékeré tí abúlé kan ṣoṣo ń lò. Òfin náà yé èèyàn. Ó ní kí oníṣẹ́ iná bá àwọn ará abúlé ṣàdéhùn. Ó ní bí wáyà ńlá bá dé abúlé náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ kò ní sọ pé kí ẹni tó ti náwó síbẹ̀ máa lọ lọ́wọ́ òfo, owó gbà-má-bínú yóò tọ́ sí i. Ẹ dúró ti ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn èèyàn wá. Ní Gbámù-Gbámù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, láàárín àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó, ilé iná oòrùn 85 kílówáàtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń mójú tó o, owó iná tí àwọn èèyàn ń san ló sì ń jẹ. Bí iná bá kú, owó tirẹ̀ náà kú. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ dáadáa, torí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé e. Òpó iná aṣòfin, ọjọ́ ìṣílé ni owó rẹ̀ parí. Nínú ètò REA tí wọ́n fi owó Báńkì Àgbáyé ṣe, àwọn oníṣẹ́ iná abúlé kì í rí owó ìrànwọ́ lórí ilé kan gbà àfi bí iná bá ti tàn nínú ilé náà, tí wọ́n sì ti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Èkíní ń san owó fún ayẹyẹ, èkejì ń san owó fún iná. Ẹ̀yin kan náà ló mọ ọ̀nà méjèèjì. Bí owó bá jẹ́ ti àwọn tó ń yáni lówó, tí wọ́n sì ń ṣọ́ yín, ẹ gba ọ̀nà tó tọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìlú, ẹ gba ọ̀nà ayẹyẹ. Èwo ni àwọn ará ìlú ṣe yín?

Àléébù kan ṣì wà nínú ti abúlé yìí tí kò yẹ kí n fò dá. Ẹyọ iná kan sábà máa ń wọ́n àgbẹ̀ tó ń lo ilé iná kékeré ju ará ìgboro lọ. Alágbára ìgboro ti gba ìrànwọ́ ìjọba lórí iná tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgbẹ̀ oníkòkó sì ń san ojúlówó owó. Ẹ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgboro. Ọ̀ràn Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ń dùn mí dọ́kàn. Láti ìparí ọdún 2024 wọ ọdún 2025, ó lé ní 100 ọjọ́ tí ilé ìwòsàn náà fi wà lábẹ́ òkùnkùn, nítorí gbèsè tí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní wọ́n jẹ òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde fẹ̀hónú hàn. Mínísítà fún iná nígbà náà, Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn ni. Ẹ̀yìn tí ìyà ti jẹ àwọn aláìsàn tán ni ọ̀rọ̀ sólà fún UCH ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lẹ́nu yín. Oòrùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Òrùlé UCH ti wà níbẹ̀ láti 1957.

Nínú ìwé ìṣúná ọdún 2025, ẹ kọ ₦10 bílíọ̀nù sílẹ̀ láti fi sólà sí ilé ìjọba Aso Rock. N kò ní kí ààrẹ máa gbé nínú òkùnkùn. Ohun tí ó fi hàn mí ni pé ẹ mọ̀ pé wáyà kò ṣeé gbára lé, ẹ mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ń jẹ owó, ẹ sì mọ̀ pé sólà ń ṣiṣẹ́. Àìmọ̀ kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ẹni tó mọ ohun tó dára, tó kọ́kọ́ fi bo ara rẹ̀ kó tó rántí yàrá ìbímọ àti yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹjọ́ rẹ̀ burú ju ti aláìmọ̀ lọ.

Ẹ̀yin gómìnà, ó kàn yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ fi ń sọ fún wa pé Àbújá ló so yín lọ́wọ́. Wọ́n ti tú yín. Wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí Òfin Iná ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, ó lè gbé e, ó lè pín in, ó sì lè ṣe òfin tirẹ̀. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC ní 2024, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì tẹ̀lé wọn. Kò sí Àbújá tí ẹ máa dá lẹ́bi mọ́. Mo ń bẹ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: ẹ má ṣe kó ìwà Àbújá wọ Adó, Àkúrẹ́ àti Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá bá oníṣẹ́ iná ṣàdéhùn lónìí, kí gómìnà tó ń bọ̀ má fà á ya nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ló kọ ọ́. Ẹ fi sínú òfin, kí ilé ẹjọ́ lè dì yín mú.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tó ti kú ń kó mi lọ́kàn sókè, torí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ níbi ayẹyẹ yín. Ní Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn àdúgbò wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n tó ń pani lára. Ìròyìn náà jáde ní 2025. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń dá ọpọlọ náà padà bó ṣe wà. Bátìrì ọkọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tó ń lo ínfátà, òjé kan náà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà lọ nígbà tó bá kú. Ìlànà tó ń polówó sólà láìsọ ibi tí bátìrì rẹ̀ yóò kú sí kò tíì di ìlànà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á máa gbà á padà. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé ní ẹ̀rọ tó ń gbá èéfín mú, ẹ sì máa lọ yẹ̀ wọ́n wò láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ògíjo kò gbọdọ̀ ṣàìsàn kí ọmọ Lẹ́kí lè rí iná wo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin ará ìlú náà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun òpó lóru láti yọ pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ omi abúlé, ìyá ẹnìkan ni ẹ ń rán lọ sódò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ ìwé tuntun mọ́ ara bátìrì àlòkù ní ọjà, tí ẹ sì ń kọ agbára 200 sára èyí tí kò tó 120, olè ni yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ tí ẹ ń pe ara yín ní onísólà, tí ẹ ń fi wáyà tín-ínrín so bátìrì mẹ́rin pọ̀ ní ìyẹ̀wù tí ọmọ ń sùn, ẹ lọ kọ́ṣẹ́. Àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, SON, ló yẹ kó ti máa wọ ọjà náà káàkiri, kò sì wọ̀ ọ́ tó. Ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀, ẹ̀yin náà ní ẹjọ́ láti rò. Bí wọ́n bá gbé òpó iná wá, ẹ má kàn wọ agbádá àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ẹ sì jókòó sí ìjókòó ọlọ́lá. Ẹ béèrè ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì lọ́dún kẹta. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má tẹ́wọ́ gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Òǹdó, Èkìtì àti Èkó, iṣẹ́ kan ni mo gbé lé yín lọ́wọ́ kí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ tó dé iwájú yín. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò sí agbaṣẹ́ṣe sólà tí yóò gba ju ìdajì owó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ ìṣílé, pé èyí tó kù yóò máa jáde lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, bí iná bá ṣì ń tàn. Ẹ kọ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò: obìnrin kan, ọ̀dọ́ kan àti olùkọ́ kan láti inú abúlé náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ láti olú ìlú. Ẹ kọ owó bátìrì sínú ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó ní orúkọ abúlé àti iye tirẹ̀. Kí ẹ sì lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà, ní èdè Yorùbá, kí ìyá tó bá wá mú ọmọ rẹ̀ lè kà á.